“Presently”: Nísinsìnyí ni, àbí Láìpẹ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Warri, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ni mo mú wá lóṣù yìí: “presently”. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “láìpẹ́” ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, “nísinsìnyí” ni. Bí àwa akọ̀wé rélùwéè bá kọ ọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀ “presently”, èrò kan á gbérù sórí, èkejì á lọ jẹ sítáàṣì.

Ó ṣe èmi náà rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà àtijọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ láti ilé pé: “Mama to hospital presently.” Mo rò pé wọ́n ti ń gbé e lọ, ọkàn mi balẹ̀. Àṣé owó ọwọ́ mi ni wọ́n ń dúró dè! Ọjọ́ méjì kọjá kí n tó mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ owó tí ẹgbẹ́ yá mi, màmá yè.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi ni n kò béèrè. Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọjọ́ àti aago. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ẹ̀mí, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́.