Ẹ Má Fi Fágúnwà Sílẹ̀ Nínú Igbó

Bí wọ́n bá dárúkọ D. O. Fágúnwà, igbó ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ́kàn: Àkàrà-Ògún, iwin, ẹbọra, Kàkó tòun ti kùmọ̀ rẹ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938 ló sọ ọmọ Òkè-Igbó yìí di ìlúmọ̀ọ́ká, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Fágúnwà yìí kan náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ sílẹ̀. Ìrìnàjò lorúkọ ìwé náà. Apá kìíní jáde ní 1949, apá kejì ní 1951.

Mélòó nínú àwọn tó mọ Àkàrà-Ògún bí ẹni mowó ló ti fọwọ́ kan ìwé yìí rí?

Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ. Òǹkọ̀wé jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, Àkàrà-Ògún fúnra rẹ̀, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n kí ara wọn. Bàbá ní kó mú ìwé àti ohun ìkọ̀wé, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú gbọ́, tí wọ́n fi ń wọ́ wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu bàbá. Ẹni tó ti àjò dé, tó ń ròyìn fún ará ilé, ni gbogbo ìwé náà dá lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ti 1954, níbi tí àwọn ọdẹ ti forí lé Òkè Ìrònú. Nínú Ìrìnàjò, Fágúnwà fúnra rẹ̀ ló wá bọ́ sí ipò bàbá yẹn.

Ohun ńlá lèyí. Ní 1825, àwọn arìnrìn-àjò Òyìnbó, Hugh Clapperton àti Richard Lander, gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ Yorùbá, ìròyìn ohun tí wọ́n rí sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé wọn. Pẹ̀lú Fágúnwà, Yorùbá ló lọ wo ìlú Òyìnbó, èdè Yorùbá ló sì fi ròyìn rẹ̀ fún Yorùbá. Ọdún 1949 kan náà tí apá kìíní jáde ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Ọwọ́ tó ń ya àwòrán iwin ló ń ya àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ojú ọ̀nà àjò ni ikú ti bá Fágúnwà, ní Oṣù Kejìlá, 1963, nígbà tó kú sómi ní Wúyà, nítòsí Bídá. Lẹ́yìn náà làwọn kan ń sọ pé àwọn iwin tó kọ ìtàn wọn ló wá mú un lọ. Òkìkí yẹn ò ṣe é lóore. Ẹnu iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tó ń bá ṣiṣẹ́ ló wà: ọ̀rọ̀ ìwé ló gbé e dé ibẹ̀.

Kí àwọn ilé ìtẹ̀wé tún Ìrìnàjò tẹ̀, apá méjèèjì, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá fi í ti Ògbójú Ọdẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kíláàsì, kí ọmọ tó bá ti bá Àkàrà-Ògún jáde nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lè bá Fágúnwà wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.