Káfíńtà tó gba àwọn atukọ̀ là, tí wọ́n tún fẹ́ẹ́ fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ dù ú

Alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 1707 ni. Àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ti Gibraltar bọ̀ wálé, àwọn ìyàwó àti ọmọ sì ti ń retí wọn. Sir Cloudesley Shovell, àgbà ọ̀gá ológun ojú omi, ló kó wọn lẹ́yìn. Ojú ọjọ́ ò dáa, àmọ́ wọ́n rò pé ojú agbami ni àwọn ṣì wà, pé kò séwu. Àfi gbàgà! Orí àpáta erékùṣù Scilly ni wọ́n lọọ forí sọ. Ọkọ̀ mẹ́rin ló rì lóru ọjọ́ náà, èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ló bómi lọ, Shovell gan-an ò sì yọ níbẹ̀.

Ṣé wọn ò mọ ọkọ̀ ọ́ tù ni? Rárá o. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà ni.

Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ l'Ékòó, bí kò bá tiẹ̀ mọ̀nà, yóò rí pátákó, yóò rí Ṣàgámù, yóò sì rẹ́ni bi léèrè lẹ́bàá títì. Ojú òkun ò ní pátákó. Omi níwájú, omi lẹ́yìn. Nǹkan méjì ni atukọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè sọ pé ibi báyìí lòun wà. Àkọ́kọ́ ni bóun ṣe jìnnà tó sí àríwá tàbí gúúsù. Ìyẹn ò le. Yóò wo bí oòrùn ṣe ga tó lọ́sàn-án gangan, tàbí bí ìràwọ̀ àríwá ṣe ga tó lóru, yóò sì mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni bóun ṣe jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á so pákó kékeré kan mọ́ okùn tí wọ́n ta kókó sí lára, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á wá máa ka iye kókó tó gba ọwọ́ wọn kọjá kí yanrìn inú ìgò tó dà tán. Bí wọ́n ṣe ń mọ eré tí ọkọ̀ ń sá nìyẹn, orúkọ kókó okùn yẹn náà làwọn òyìnbó ṣì fi ń pe eré ọkọ̀ òkun dòní. Wọ́n á wo kọ́mpáàsì, wọ́n á ṣírò wákàtí tí wọ́n ti fi rìn, wọ́n á sì sàmì sórí máàpù. Àmọ́ bí ìgbì bá rọra gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ta ló fẹ́ẹ́ mọ̀? Àṣìṣe àná á gun orí tòní, tòní á gun orí tọ̀la, títí ọkọ̀ á fi gun àpáta.

Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lọ́dún 1714, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin, wọ́n ní ẹni tó bá lè rí ojútùú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn á fún un ní 20,000 pọ́n-ùn. Owó gọbọi ni nígbà yẹn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò máa yẹ iṣẹ́ àwọn èèyàn wò, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ka ìràwọ̀ sì wà níbẹ̀.

Àṣírí ojútùú ọ̀hún ò sì ṣòroó yé èèyàn. Ẹni tó bá ní ẹbí ní New York mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ l'Ékòó, òru ṣì ni lọ́hùn-ún. Ayé ló ń yí, dígírì 15 ló sì ń yí ní wákàtí kan. Bí atukọ̀ bá gbé aago tó ń sọ aago ilé dání, tí oòrùn wá wà lókè orí ẹ̀ gangan, ṣùgbọ́n tí aago ní aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù nílé, wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Ó ti rin dígírì 45 lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó parí! Ẹni tó bá mọ aago ilé, kò lè sọnù.

Ibo wá ni aago ọ̀hún wà? Aago ìgbà náà ò lè ṣiṣẹ́ lójú òkun. Ìgbì á mì ín, ooru á fà á gùn, òtútù á sún un kì, iyọ̀ á jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní kò lè ṣeé ṣe láé, pé ojú ọ̀run nìkan ni kí wọ́n wò.

Àfi John Harrison. Ọmọ káfíńtà ni, iṣẹ́ káfíńtà lòun náà kọ́, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Barrow. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Aago tó kọ́kọ́ ń ṣe, igi ló fi ṣe wọ́n, ó sì lo irú igi kan tó ń mú òróró jáde fún ara ẹ̀, tí aago ọ̀hún ò fi nílò kí ẹnikẹ́ni máa kán epo sí i. Aago àkọ́kọ́ tó ṣe fún òkun wúwo tó kìlógíráàmù 34. Ó ṣe èkejì, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ṣe ẹ̀kẹta, ọdún 19 ló lò nídìí ẹ̀. Ìgbà tó di 1759 ló parí ẹ̀kẹrin, tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ.

Ní ìparí ọdún 1761, William, ọmọ ẹ̀, gbé aago náà wọ ọkọ̀ Deptford, ó di Jàmáíkà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀: ọtí bíà inú ọkọ̀ bàjẹ́, omi làwọn atukọ̀ ń mu, inú wọn ò sì dùn rárá. Madeira nìkan ni wọ́n ti lè rí ọtí rà. Níbo wá ni Madeira wà? Ọ̀gá ọkọ̀, Digges, ní ìṣirò tòun, ó ní William ti ṣìnà pátápátá, òun sì ṣe tán láti ta tẹ́tẹ́ márùn-ún sí ẹyọ kan lé e lórí. William ní kí wọ́n má yà rárá, pé láàárọ̀ ọ̀la wọ́n á rí ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá rí erékùṣù níwájú wọn ketekete! Digges fúnra ẹ̀ ní bí wọ́n bá ti ń ta irú aago yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ tà á fóun. Nígbà tí wọ́n dé Jàmáíkà, lẹ́yìn ọjọ́ 81, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni aago náà fi falẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ máa rò pé wọ́n á sáré sanwó fún bàbá yìí. Wọn ò san án! Ìgbìmọ̀ ní orí ló ṣe é, kó lọ tún un dán wò. William tún gbé e lọ sí Barbados lọ́dún 1764, ó tún yege. Wọ́n tún ní kó tú aago náà palẹ̀ níṣojú àwọn, kó ṣàlàyé gbogbo inú ẹ̀. Bàbá tú u. Wọ́n san ìdajì owó, wọ́n ní kó tún ṣe méjì míì kó tó rí ìdajì yòókù gbà. Nevil Maskelyne, tó di olórí àwọn awòràwọ̀ ọba lọ́dún 1765, wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ọ̀nà tòun sì ni kí èèyàn máa fi òṣùpá àti ìràwọ̀ ṣírò. Ká sòótọ́, ọ̀nà tiẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìṣirò ẹ̀ gùn, bí ìkùukùu bá sì bo ojú ọ̀run, ó tán nìyẹn. Ṣé ẹni tó ń bá èèyàn du ọjà ló yẹ kó jẹ́ adájọ́ ẹ̀?

Harrison ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún nígbà tí ẹjọ́ náà dé etí Ọba George Kẹta. Lọ́dún 1772, ọba fúnra ẹ̀ dán aago karùn-ún tó ṣe wò nínú ilé ìwòràwọ̀ ẹ̀, ó rí i pé kò lábùkù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún bàbá ní 8,750 pọ́n-ùn. Ìgbìmọ̀ ọ̀hún ò gbà títí dópin pé ó jẹ ẹ̀bùn náà. Ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1776 ló kú. Lásìkò yẹn, Captain Cook ti gbé ẹ̀dà aago ẹ̀ yí ayé ká, ó ti padà dé, ó sì ń yìn ín.

Lónìí, awakọ̀ tó ń fi fóònù wá ọ̀nà láti Ìkẹjà lọ sí Lẹ́kí, aago náà ló ń lò. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tó wà fún un, aago ló wà nínú wọn. Bí aago ọ̀hún bá fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, ibi tí fóònù tọ́ka sí lè fi nǹkan bíi 300 mítà yẹ̀. Ọgbọ́n káfíńtà Barrow náà ni.

Torí náà, bí oníṣẹ́ ọwọ́ kan bá dúró níwájú yín, tó ní òun mọ nǹkan tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò mọ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Bó bá sì dáa, ẹ sanwó ẹ̀ fún un, kó tó darúgbó.