Ojú Tí A Fi Wo Edinburgh

Ẹni tó mọ̀ wá mọ̀ wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá kó má wulẹ̀ wá orúkọ wa nísàlẹ̀ ìwé yìí, kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin méjì ni wá, a sì fẹ́ràn ara wa bí ọkọ ti ń fẹ́ràn aya. A lọ gbafẹ́ ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Sìkọ́tílándì (ẹ má bi wá léèrè owó ọkọ̀, gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa), a sì fẹ́ bá àwọn tó ń sọ pé London nìkan ni irú wa ti lè mí jiyàn.

Orí àpáta òkè oníná tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n kọ́ odi ọba sí. Láti ọdún 1861 ni wọ́n ti ń yin ìbọn ńlá níbẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán, àfi ọjọ́ Àìkú, Kérésìmesì àti Ọjọ́ Ẹtì Rere. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Nígbà tó dún, ọ̀kan nínú wa ti na gbalaja sílẹ̀ kí èkejì tó bi í pé ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Inú odi yìí ni wọ́n bí Ọba James sí ní 1566, ọba tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí òun àti àwọn ọkùnrin ààyò rẹ̀. A kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìjọ ni wá.

Ṣùgbọ́n ajá kan wà níbẹ̀ tí a bá ní ọ̀rọ̀ sọ. Bobby ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, John Gray, kú ní 1858, ọdún 14 ni ajá kékeré yìí fi ṣọ́ sàréè rẹ̀ ní Greyfriars, títí òun náà fi kú ní 1872. Ní 1873 wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn àlejò ti fọwọ́ pa á nímú títí imú náà fi ń dán bíi wúrà. A kò bínú sí ajá. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, ìlú tó mọyì ìfẹ́ ajá sí ọkùnrin tó báyìí, kí ló dé tí kò gba ti ọkùnrin sí ọkùnrin títí di 1980? Ọdún náà ni wọ́n ṣe òfin tó mú ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́rùn irú wa níbẹ̀, ọdún 13 lẹ́yìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, nígbà tí afinimọ̀nà wa ń yangàn pé ojú ìlú àwọn ti là látayébáyé, ẹ̀rín ni a fi bojú. Àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun tí a rí tí wọ́n ń mu tíì ní Broughton Street, abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n ti ṣe ọ̀dọ́.

Ní Oṣù Kejìlá 2014, irú wa bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Ní Oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, òfin tiwa dé nílé: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá dán an wò. Iye ọdún Bobby gan-an nìyẹn.

Lórí òkè Arthur's Seat, atẹ́gùn fẹ́ débi pé a di ọwọ́ ara wa mú kí ó má baà gbé wa lọ. Ìyá arúgbó kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, ó ní a bá ara wa mu. Ojú tì wá débi pé a jọ̀wọ́ ọwọ́ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọgbà wa níhìn-ín, ọkùnrin méjì a máa di ọwọ́ ara wọn mú dé ọjà, kò sẹ́ni tí yóò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a padà dé, a di ọwọ́ mú láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Máígáàdì kí wa káàbọ̀, ó ní ọ̀rẹ́ méjì yìí mà tún ti dé.