Èéfín Sìgá Níwájú Ọmọ Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti oṣù tí a rí tàbí tí a kò rí. Ọ̀rọ̀ èéfín ni.

Láìpẹ́ yìí mo wọ ọkọ̀ ní Ìfàkì, mò ń lọ sí Ìkọ̀lé. Nígbà tí a dé Ọ̀yẹ́, ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta wọlé tì wá. A kò tíì jáde ní ìlú tán tí dírẹ́bà fi ṣáná sí sìgá. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ó sì fi etí aṣọ bo imú. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, pa iná yẹn nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí." Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, fèrèsé ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á gbé e lọ." Kò rí mi fín o, ohun tí ó gbà gbọ́ ni ó sọ.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í gbé e lọ tán. Ọmọdé a máa mí kíákíá ju àgbà lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì tíì gbó. Ikọ́ fée, òtútù àyà àti àrùn etí ni èéfín yìí ń fà bá a. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí èéfín sìgá ẹlòmíràn ń pa lọ́dọọdún, tí àwọn fúnra wọn kì í fa sìgá, lé ní mílíọ̀nù kan.

Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ka fífa sìgá léèwọ̀ ní ilé-ìwé, ní ibi ìṣeré ọmọdé àti nínú ọkọ̀ èrò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí a má sì tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí jẹ̀bi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo fún ọmọ-ọmọ mi lówó kí ó sáré ra ẹyọ méjì wá fún àlejò mi. Àlejò náà fà á tán ní pálọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé wọn. Mo pe ìyẹn ní bíbọlá fún àlejò!

Òfin kì í sì í wọ pálọ̀ ẹni. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù Èkìtì bá mú, bàbá á ti ilẹ̀kùn, á sì tan sìgá rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ẹni tí ó jẹ áyù tútù má ṣe súnmọ́ mọ́ṣáláṣí, nítorí òórùn rẹ̀ ń ni ẹlòmíràn lára. Òórùn lásán nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní kí Lèmọ́mù ṣe wáàsí, ó parí. Kò parí. Ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, a fi mọ́ṣáláṣí 45 dán an wò. Ní àwọn kan nínú wọn, Lèmọ́mù ń kọ́ àwọn èèyàn nípa èéfín sìgá inú ilé fún ọ̀sẹ̀ 12, a sì fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ ilé wọn. A kò rí ẹ̀rí pé èéfín náà dínkù.

Nítorí náà, ilé-ìwé àti ilé ní láti jọ ṣe é. Kí olùkọ́ má kàn kọ́ ọmọ kí ó wá lọ bá bàbá rẹ̀ wí. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí ó bá dán an wò, ìgbátí ni yóò jẹ. Bàbá gan-an ni kí a pè wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà sí àgbà. Kí àwọn Alfa ilé-kéú ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kí àwọn ìyá gbé e yẹ̀wò ní Àsàlátù, nítorí ìyá ni ó mọ bí a ti í sọ fún bàálé pé kí ó bọ́ síta. Ẹni tí kò bá tíì lè fi í sílẹ̀, kí ó jáde jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé.

Ní tèmi, mo ti kó àwo eérú sìgá kúrò ní pálọ̀ mi. Àga kan wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni àlejò mi tí ó bá fẹ́ fa sìgá yóò máa lọ, ì báà ṣe ìgbà ọyẹ́.