Oorun Ọmọ-Ọwọ́, Ẹ̀kọ́ ni

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀ràn oorun ọmọ-ọwọ́ kò kan olùkọ́, pé iṣẹ́ àwọn ìyá ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá jáde lọ sí abúlé, àwọn òbí yóò tọ̀ wá wá fún ìmọ̀ràn. Àwa pẹ̀lú yóò sì di òbí. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ó wí.

Ọmọ tuntun kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ó lè sùn tó wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán àti òru kan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí ikùn rẹ̀ kéré, ebi a sì máa jí i. Ẹni tí ó bá bínú sí i nítorí èyí, ẹ̀dá ni ó ń bá jà. Láti oṣù 4 títí di ọdún 1, wákàtí 12 sí 16 ni ó yẹ kí ó máa sùn, àti oorun ọ̀sán àti ti òru.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn òbí pé kí ọmọ máa rí ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀sán. Ní òru, kí wọ́n dín iná kù, kí wọ́n sì fún un lọ́mú láìbá a ṣeré. Kí ètò alẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́: ìwẹ̀, ọmú, orin, lẹ́yìn náà ibùsùn. Orin tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ọmọ, ohun rere ni. A kò ní kí a kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àkókò kan pàtó ni ó kù kí a fi kún un. Bí ọmọ bá sì ti ń tòògbé, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ pátápátá, kí ó lè kọ́ láti sùn fúnra rẹ̀.

Kí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí ó kọjú sókè, lórí ibùsùn tí kò rọ̀ jù, láìsí ìrọ̀rí. Láti ọdún 1991 tí a ti kéde èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye ọmọ-ọwọ́ tí ikú òjijì ń pa lójú oorun níbẹ̀ ti dínkù gidigidi.

Ohun kan wà tí àwa kò lè dákẹ́ lé lórí: fífún ọmọ ní ọtí tàbí oògùn kí ó lè sùn. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, oògùn olómi kan tí a ń fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín ní Nàìjíríà ní májèlé nínú. Ó pa ọmọ tí ó ju 80 lọ. Kí a má ṣe fi ìgò wá ìdákẹ́jẹ́ fún ọmọ láìjẹ́ pé oníṣègùn pàṣẹ rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé yàrá kan ṣoṣo ni tálákà ní, èrò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ètò kò béèrè owó. Bàbá lè yí fìtílà sílẹ̀, kí ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ ọmọ kò dúró de ọjọ́ tí yóò gbé síléètì. Ẹ jẹ́ kí a mú ìmọ̀ yìí lọ sí ibikíbi tí a bá rán wa.