Ẹbí Wà ní Zongo: Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Lọ Kí Wọn

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn ìdílé kan ní Èkó, Ọ̀ffà àti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa di ẹrù sínú ọkọ̀. Kumasi ní Gánà ni wọ́n ń lọ, láti kí àbúrò bàbá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá tó ń gbé ní àwọn àdúgbò bíi Moshie Zongo. Zongo ni àwọn Hausa ń pe ibùdó àwọn oníṣòwò àlejò. Àwọn Moshie tó wá láti Burkina Faso ló fún àdúgbò yìí lórúkọ, ṣùgbọ́n onírúurú ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀.

Báwo ni ẹbí kan ṣe pín sí ìlú méjì? Òwò ló gbé àwọn bàbá àti ìyá àgbà lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi gbèsè tí wọn kò rí gbà sílẹ̀. Àwọn mìíràn dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ìyẹn ni báàgì "Ghana Must Go" fi gba orúkọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ti ń darúgbó. Bí àgbà tó mọ ilé méjèèjì bá kú láìfi ọmọ mọ ọmọ, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ọmọ Kumasi ń sọ Twi àti Hausa, ti Èkó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lè pàdé lọ́jà kí wọ́n má mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí ìyá àwọn.

Ẹ má lọ láìmúra. Ẹnu ibodè mẹ́ta lẹ ó gbà: Sèmè, Hillacondji àti Aflao. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ wa láyè láti gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ó béèrè ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ gba ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, sídì ní Gánà. Láti Accra sí Kumasi tó nǹkan bíi 250 kìlómítà. Ó sàn kí ẹ sùn ní Accra ju kí ẹ rìn lóru.

Bí ẹ bá débẹ̀, ọ̀dọ̀ àgbà ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Èlùbọ́ tí ẹ mú láti ilé yóò dùn mọ́ wọn ju aṣọ olówó ńlá lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú ìwé àti gègé, kí wọ́n kọ orúkọ agboolé, oríkì, àti ẹni tó bí ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ìwé kan dúró ní Kumasi, kí èkejì bá yín padà wálé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀nà ilé, báwo ni yóò ṣe relé? Àwa òbí ni kí a fi ọ̀nà hàn wọ́n.