Àbùkù Kì í Ṣe Àwàdà

Ọ̀rọ̀ tèmi lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í ṣe ti ilẹ̀ gbígbá. Àbùkù wẹ́wẹ́ tí a ń gbé mì bí oògùn kíkorò, tí a ó ní kò tó nǹkan, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Oníbàárà á ná ọjà tì, á pòṣé, á ní, "Ìyá ọlọ́jà lásán-làsàn." Akọ̀wé báńkì kan rí ìró àti bùbá lára mi, kò bi mí bóyá mo lè kọ orúkọ mi, ó ti ti tàdáwà síwájú mi: "Màmá, ẹ tẹ̀ka." Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà! Kò bú mi o, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti fi aṣọ ara mi wọn ọpọlọ orí mi.

Ẹ má sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó ń gbọ́ ọ láàárọ̀, tó ń gbọ́ ọ lálẹ́, bó pẹ́ bó yá á gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun rí. Á wá máa bẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ nípàdé.

Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé dé ìlú Òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé aṣọ òyìnbó àti èdè òyìnbó lè lé ọlọ́jà sẹ́yìn. Ìró àti bùbá ló wọ̀, Yorùbá ló ń sọ nípàdé, ó sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Nígbà tí wọ́n wá dìde sí owó orí obìnrin l'Ábẹ́òkúta, ọ̀kan ni wọ́n. Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ọlọ́jà ló rí wọn lẹ́yìn.

Ní ọjà tiwa ńkọ́? Àwọn kan ń pe ẹni tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ní "Kòbókòbó". Àwọn kan ń bi ìyàwó tí kò tíì bímọ lójú oníbàárà pé, "Ìgbà wo la ó wá sọmọ lórúkọ?" Wọ́n á ní eré ni. Eré tí ẹnì kan ṣoṣo ń rẹ́rìn-ín sí kì í ṣe eré.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìjà kọ́, ìjà ń lé oníbàárà. Ẹ bi onítọ̀hún jẹ́jẹ́ pé, "Kí lẹ ní lọ́kàn tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ojú á ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èmi sọ fún akọ̀wé yẹn pé, "Ọmọ mi, fún mi ní bírò," mo sì kọ orúkọ mi gàdàgbà. Bó bá jẹ́ ará ọjà wa ni, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ bá a wí. Bí wọ́n bá ń bu ẹlòmíì kù, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wa ló ń fún àbùkù lágbára. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yín dun àwọn, ẹ má ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Ẹ ní "ẹ má bínú", kí ọjà máa lọ.

Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sófin ẹgbẹ́: orúkọ là ń pe èèyàn, a kì í pè é ní ẹ̀yà, a kì í pè é ní àléébù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Èmi ni akọ̀wé yín.